Àbá Owó Àtúnṣe Ilé-Ìwé: Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Láti Orí Òrùlé

Ọ̀dà ló máa ń ṣáájú nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ń kọ láti fi béèrè owó àtúnṣe. Ọ̀dà, táìlì, géètì tuntun, àti pátákó ńlá tí wọ́n máa kọ orúkọ ilé-ìwé sí. Òrùlé á wá wà ní ojú-ewé kẹta, gọ́tà ò sì ní sí níbẹ̀ rárá. Ní Èkó tí òjò ti ń rọ̀ láti oṣù kẹta títí wọ oṣù kọkànlá, owó tí omi máa fọ̀ dànù ni ẹni tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń béèrè. Ọ̀dà tí wọ́n kùn sára ògiri tó ti rin, á wú, á là, á sì máa bó bí èèpo ara ẹni tí oòrùn pa. Kò ní ju òjò ọdún kejì lọ.

Ẹyọ ohun kan ni mo ń sọ nínú ọ̀rọ̀ gígùn yìí: ibi tí omi ń gbà wọlé ni kí owó àkọ́kọ́ lọ, iye ohun èlò ni kí ẹ sì kọ sílẹ̀ kí ẹ tó kọ iye náírà.

Ọ̀nà tí owó ń gbà wá

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Amẹ́ríkà lè ti gbọ́ pé ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀, àgbègbè ilé-ìwé kan lè gbé àbá síwájú ará ìlú pé àwọn fẹ́ yá owó láti fi tún kíláàsì ṣe. Wọ́n á dìbò sí i. Tí wọ́n bá gbà, àgbègbè yẹn á ta ìwé ẹ̀yáwó tí wọ́n ń pè ní bond, owó orí tí àwọn onílé àti onílẹ̀ ń san ni wọ́n á sì máa fi dá a padà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Education District tiwa jọ ọ́ lórúkọ nìkan. Mẹ́fà ni wọ́n ní Èkó. District Kẹta ló ni Lagos Island, Ẹ̀tì-Ọ̀sà, Ẹ̀pẹ́ àti Ìbẹ̀jù-Lẹ́kìí. District Kẹrin ló ni Lagos Mainland, Súrùlérè àti Àpápá. Ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n, Tutor-General ni olórí wọn. Wọn kì í gba owó orí, wọn kì í sì í ta ìwé ẹ̀yáwó. Ìwé yín kàn ń gba ọwọ́ wọn kọjá ni, ó sì yẹ kí ẹ mọ ibi tó ń lọ.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré wà lábẹ́ UBE, ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Òfin ọdún 2004 tó gbé ètò náà kalẹ̀ ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá 2 nínú 100 àpò owó rẹ̀ sílẹ̀ fún un. UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ètò náà, ló ń pín in, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé owó tirẹ̀ kalẹ̀ kó tó rí ìpín yẹn gbà. LASUBEB, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ló ń ṣe ìyẹn fún Èkó. Iṣẹ́ tí kò bá sí nínú ètò iṣẹ́ tí ìpínlẹ̀ fi ránṣẹ́, bó ti wù kó kánjú tó, owó yẹn ò ní kàn án. Sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ń gba District lọ sí mínísìtìrì ètò ẹ̀kọ́, inú bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ sì ni owó rẹ̀ ti ń jáde. Ìgbìmọ̀ pàtàkì kan tún wà fún àtúnṣe ilé-ìwé ìjọba, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SCRPS. Àwọn náà ló ti kọ́ púpọ̀ nínú àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì kíláàsì tí ẹ ń rí káàkiri.

Oṣù kìíní ni ọdún ìnáwó ìjọba ń bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹsàn-án ni ọdún ilé-ìwé ń bẹ̀rẹ̀. Àárín méjèèjì ni ọ̀pọ̀ àbá ń kú sí. Ìgbìmọ̀ á jókòó lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá wọlé, wọ́n á fi oṣù méjì jiyàn, wọ́n á gbé ìwé lọ ní oṣù kọkànlá, nígbà tí àwọn ọ́fíìsì ti kó àkójọ tiwọn sílẹ̀ tipẹ́. Kí tiyín ti wà lórí tábìlì wọn kí oṣù kẹfà tó parí.

Kókó mìíràn wà tí àwọn tí kò gbé Èkó kì í mọ̀. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande di gómìnà ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, ó fòpin sí kíkàwé láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ó sì kọ́ kíláàsì púpọ̀ láàárín àkókò kúkúrú. Ilé-ìwé méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, wá bára wọn nínú ọgbà kan. Títí dòní, ọgbà kan lè ní ọ̀gá mẹ́ta, àmọ́ fẹ́ǹsì kan, gọ́tà kan àti bọ́hòlù kan ni wọ́n jọ ní. Òjò pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Tí ilé-ìwé kan bá dá kọ̀wé nípa gọ́tà, gọ́tà tó máa parí sí ẹnu kíláàsì aládùúgbò ni wọ́n máa fún un. Ẹ kọ ọ́ papọ̀, kí àwọn ọ̀gá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i, kí SBMC, ìyẹn ìgbìmọ̀ alábòójútó, ti ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan náà sì fọwọ́ sí i.

Ní ti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣàánú, ilé tuntun tí wọ́n lè kọ orúkọ sí lára ni ọkàn wọn máa ń fà sí. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sára gọ́tà. Ẹ sọ fún wọn pé òrùlé náà gba orúkọ. Ilé yòówù tí wọ́n bá fẹ́ kọ́, ìjọba ló ni ilẹ̀: ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wá láti mínísìtìrì, ìwé ìyọ̀ǹda ìkọ́lé gbọ́dọ̀ jáde, kí LASBCA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń ṣọ́ ilé kíkọ́, sì máa wá wò ó láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Bíríkìlà tó bá ti gbẹ́ ilẹ̀ kí ìwé tó jáde ti fún ẹnikẹ́ni ní àǹfààní láti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri yín.

Ẹ rìn ín nínú òjò

Ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ ni kí ẹ yẹ ilé-ìwé wò. Ẹni méjì tó: ọ̀kan mú téèpù mítà 30 àti ṣọ́ọ̀kì, ọ̀kan mú fóònù àti ìwé. Ẹ ya àwòrán ọgbà náà sórí bébà, ẹ fi A, B, C pe ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ sì fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ibi tí ó bá ti ń jò, ẹ wọn ibẹ̀ láti ògiri méjì. "Kíláàsì B2, mítà 3 sí ògiri pátákó, mítà 1 sí fèrèsé, àmì omi fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60." Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ níyì ju "òrùlé ń jò gidigidi" lọ. Ẹni tó máa bu owó fún un lè rí i lójú ara rẹ̀, agbaṣẹ́ṣe náà ò sì lè fi òrùlé gbogbo ilé dáhùn ìṣòro ìṣó mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ padà wá. Ibi tí omi bá ṣì dúró sí lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì tàbí òkúta yí i ká, ẹ fi igi wọn jíjìn rẹ̀, ẹ ya fọ́tò. Èyí ni àwòrán gọ́tà yín, ẹ ò tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Òrùlé

Kí ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ òrùlé, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ kó jò. Ó lè jẹ́ rọ́bà orí ìṣó ló ti gbẹ tó sì là. Ó lè jẹ́ páànù ṣóńṣó òrùlé ló ṣí, tàbí ewé ló dí ibi tí òrùlé méjì ti pàdé. Mẹ́ta wọ̀nyí jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ fún káfíńtà kan. Ṣùgbọ́n tí igi bá ti jẹrà tàbí ikán ti wọ̀ ọ́, ìfowóṣòfò ni kí wọ́n kan páànù tuntun lé e. Ẹ gun orí àjà, kí ẹ fi ẹnu sikirúdíráfà gún igi níbi tí ó ti jókòó lórí ògiri, torí ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Tó bá wọlé ní sẹ̀ǹtímítà kan láìsí agbára, igi yẹn ti kú.

Tó bá wá jẹ́ gbogbo rẹ̀ lẹ máa pààrọ̀, ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Ká ní ilé kíláàsì mẹ́ta gùn ní mítà 27, ó fẹ̀ ní mítà 9 pẹ̀lú fàráńdà. Etí òrùlé yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 60 yí ká, ó wá di mítà 28.2 ní 10.2. Tí ṣóńṣó òrùlé bá ga ní mítà 2, ìdagẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gùn tó mítà 5.48. Ìlọ́po méjì rẹ̀ nígbà 28.2 jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 309. Ẹ fi ìdá 10 nínú 100 kún un nítorí ibi tí páànù ti gun ara wọn àti èyí tí wọ́n máa gé: 340. Agbaṣẹ́ṣe tó bá kọ 450 fún ilé yìí gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ibi tí 110 ń lọ.

Pọ́línì, igi tí wọ́n ń kan páànù mọ́, náà ṣeé kà. Lórí ìdagẹ̀rẹ́ mítà 5.48, tí àlàfo ìlà kan sí èkejì kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 90 lọ, ìlà 8 ló máa wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, 16 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìlà 16 nígbà mítà 28.2 jẹ́ 451. Igi 2×3 ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 12 gùn tó mítà 3.6, nítorí náà 126 ni, ẹ kà á sí 140 pẹ̀lú èyí tó máa ṣòfò. Àwọn káfíńtà kan máa ń na àlàfo náà dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin kí igi lè kéré. Páànù á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ níbi tí ẹni tó ń kàn án bá ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, omi á sì dúró sínú ìtẹ̀ náà. Kí wọ́n fi oògùn ikán kun igi kí wọ́n tó kàn án, kí wọ́n tún kun ojú ibi tí ayùn gé, torí ibẹ̀ ni ikán ń gbà wọlé.

Ní Lagos Island àti gbogbo ibi tí atẹ́gùn òkun àti ọ̀sà ti ń fẹ́, síǹkì máa ń dípẹtà kíákíá nítorí iyọ̀. Páànù alumíníọ̀mù ni kí ẹ kọ, kó nípọn ní mìlímítà 0.55. Ẹni tó bá ní 0.45 ti tó, ilé tirẹ̀ ló ń rò, ilé tí ọmọdé kì í ju bọ́ọ̀lù lù. Jìbìtì tó wọ́pọ̀ jù lọ níbí ni pé ìwé á sọ 0.55, ọkọ̀ á já 0.45. Ẹ yá máíkírómítà, ẹ wọn páànù mẹ́ta láti àárín ẹrù kí wọ́n tó já a tán, ẹ sì rántí pé ọ̀dà ara rẹ̀ máa ń fi díẹ̀ kún un.

Òjò àkọ́kọ́ ọdún, ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, ìjì ló máa ń ṣíwájú rẹ̀, ìgbà yẹn ni òrùlé ilé-ìwé sì máa ń ṣí lọ. Àìsí ìdè ni: wọ́n gbé igi lé ògiri, wọ́n kan ìṣó méjì sí i, ó parí. Ẹ kọ ọ́ sínú àbá pé irin ìdè gbọ́dọ̀ jáde láti inú kọnkéré orí ògiri, kó sì di igi mú ní gbogbo ibi tí ó ti jókòó.

Ọ̀rọ̀ asíbẹ́sítọ̀sì gba ìṣọ́ra. Òrùlé àti àjà àwọn ilé-ìwé àtijọ́ púpọ̀ ló jẹ́ ẹ. Tí kò bá tíì fọ́, kò tíì pa ẹnikẹ́ni lára níbi tó wà. Eruku rẹ̀ ló ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró, tó sì ń fa àìsàn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kí wọ́n má fi òòlù fọ́ ọ, kí wọ́n má ju ú sílẹ̀ láti òkè, kí wọ́n má gbálẹ̀ rẹ̀ ní gbígbẹ. Kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n tú ìṣó rẹ̀, kí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ lódindi, kí wọ́n fi ọ̀rá tó nípọn wé e, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì lo ìbòmú gidi, èyí tí wọ́n ń pè ní FFP3 tàbí P100. Kò gbọ́dọ̀ sí ọmọ kankan nínú ọgbà lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ owó iṣẹ́ yìí lọ́tọ̀. Tí ẹ bá pa á pọ̀ mọ́ "yíyọ òrùlé àtijọ́", òòlù ni wọ́n máa lò.

Lẹ́yìn òrùlé, ibo ni omi rẹ̀ ń lọ? Lórí ilé wa yìí, òjò mìlímítà 50, tí kò ṣàjèjì ní oṣù kẹfà Èkó, á da omi bíi lítà 14,400 sílẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá ń ta sí ìdí ògiri, ọ̀rinrin á gòkè wá, á gbé iyọ̀ inú ilẹ̀ dání, ẹ ó sì rí funfun bí ẹfun lára ògiri níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta. Ẹ da kọnkéré tó fẹ̀ ní mítà 1 yí ilé ká, kó dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára ògiri. Kí gọ́tà máa sọ̀kalẹ̀ ní ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 1 fún mítà 1: gọ́tà mítà 40 gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40 ní ìparí rẹ̀. Ibí yìí ni wàhálà Island máa ń jáde sí. Wọ́n ti tún títì ṣe léraléra, títì ti ga ju ọgbà ilé-ìwé lọ, gọ́tà ìta sì ga ju ti inú. Tí ẹ bá so méjèèjì pọ̀ bẹ́ẹ̀, omi títì ló máa wá kí yín. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wọn gíga méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́lẹ̀. Tí tiyín bá rẹlẹ̀ jù, kòtò àkójọ omi àti pọ́ǹpù ló kù, kí owó epo rẹ̀ sì wà nínú ìwé.

Ògiri tó là

Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ojú ibi tó là tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tó sì dúró sórí sìmẹ́ǹtì ìrẹ́lé, kò burú. Èyí tó gba igun fèrèsé lọ sísàlẹ̀ ní ìdábùú, tó sì fẹ̀ ju mìlímítà 5 lọ, ìpìlẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi máákà fa ìlà kékeré sí òpin rẹ̀ méjèèjì, ẹ kọ ọjọ́ síbẹ̀, ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ lóṣooṣù. Tó bá ń gùn tàbí ń fẹ̀ sí i, ẹ má rẹ́ ẹ, ẹ má kùn ún, ẹnjiníà tó ní ìwé COREN, àjọ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ni kó wá.

Apá púpọ̀ lára Island jẹ́ ilẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ àti ilẹ̀ tí wọ́n fi iyanrìn kún. Ilé alájà kan tó ti dúró síbẹ̀ fún 40 ọdún kò fi hàn pé ó lè gbé àjà kejì. Kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò, kí wọ́n yẹ kọnkéré àtijọ́ wò, kí wọ́n ṣí ìpìlẹ̀ níbi méjì wò. Iléeṣẹ́ àyẹ̀wò ohun èlò ìkọ́lé tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní Ìta-Fáàjì, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, pẹ́tẹ́ẹ̀sì ilé gbígbé tí ilé-ìwé ọmọdé wà lókè rẹ̀ wó láàárọ̀, ọmọ wà nínú kíláàsì. Gbogbo ẹni tó bá dábàá "ẹ jẹ́ ká gbé àjà kan lé e" nínú ìpàdé, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi

Ìlànà WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fún ilé-ìwé rọrùn: ihò kan fún ọmọbìnrin 25, fún ọmọkùnrin 50, ihò kan àti ibi ìtọ̀ kan. Ilé-ìwé tó ní ọmọbìnrin 310 àti ọmọkùnrin 290 nílò 13 fún obìnrin, 6 fún ọkùnrin, àti ibi ìtọ̀ 6. Àbá tó pín in ní dọ́gbadọ́gba, mẹ́wàá-mẹ́wàá, kò ka iye ọmọ. Nínú ti obìnrin, kí ìkọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ìtìpa wà nínú, kí ẹ̀rọ omi àti ike ìdalẹ̀nù wà ní ó kéré tán nínú ọ̀kan. Láìsí ìyẹn, àwọn ọmọbìnrin ńlá á máa dúró sílé lọ́sẹ̀ nǹkan oṣù wọn. Kí ilẹ̀kùn ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90 fún ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ. Ìdagẹ̀rẹ́ tó wọ ibẹ̀, mítà 12 fún gíga mítà 1. Gíga sẹ̀ǹtímítà 45 gba mítà 5.4, kò ṣeé há sí igun kan.

Omi tí WHO kọ sílẹ̀ jẹ́ lítà 5 fún ẹnì kan lójúmọ́ fún mímu àti ọwọ́ fífọ̀. Ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ń fi ife da omi sí gba lítà 1.5 sí 3 lé e. Èyí tó ń fọ ara rẹ̀ gba 10 sí 20. Fún ọmọ 600, ti àkọ́kọ́ kò ju lítà 4,800 lọ lójúmọ́, táńkì 2,500 méjì gbé e. Ti ìkejì lè dé lítà 15,000. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn dáadáa kí ẹ tó fi àga ìgbọ̀nsẹ̀ funfun sínú àbá, torí iná àti epo ló ń fa omi. Lítà 1,000 wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, nítorí náà kí ẹnjiníà ya irin tó máa gbé táńkì. Kó má jẹ́ pé wẹ́dà kan ló máa fi ojú díwọ̀n rẹ̀.

Ẹ yẹ omi wò ní láàbù kí ẹ tó ra táńkì. Ní Island, omi tí kò jìn sábà máa ń níyọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Mainland, irin ló wà nínú rẹ̀, ẹ ó rí i tó di pupa bí ó bá dúró mọ́jú. Omi onírin gba àsẹ́, àsẹ́ náà sì gba fífọ̀. Kí bọ́hòlù jìnnà sí sọ́kàwéè ní mítà 30. Sọ́kàwéè gan-an kì í ṣiṣẹ́ dáadáa ní Island: kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ dé ìbàdí, omi ti ru jáde, dípò kí ẹ̀gbin rì sílẹ̀, omi ilẹ̀ ló ń wọnú kòtò. Kòtò kọnkéré tí kò jò, tí ọkọ̀ ń wá fà, ló bá ibẹ̀ mu. Ẹ kọ iye ìgbà tí ọkọ̀ máa wá lọ́dún kan àti ẹni tó máa sanwó rẹ̀. Ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-ìwé tó ti di ilé ìkẹ́rùsí, àìsí owó ọṣẹ, omi àti ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ló sábà máa ń pa á.

Iná kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Fáànù 4 oníwáàtì 75 àti gílóòbù LED 6 oníwáàtì 18 jẹ́ wáàtì 408 fún kíláàsì kan, 1,224 fún mẹ́ta. Wáyà 1.5 mm² fún gílóòbù àti fáànù, 2.5 mm² fún sókẹ́ẹ̀tì, kí ẹ́ẹ́tì, wáyà tó ń gbé iná tó ṣìnà lọ sílẹ̀, wà gidi nínú ilẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú wáyà: tí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, ó máa gbóná. Òrùlé tó ń jò kò gbọ́dọ̀ rí wáyà tuntun lábẹ́ rẹ̀.

Ìwé iye, irin, àti owó sísan

BOQ, ìwé tó ń to iye ohun èlò àti owó wọn, ni ọkàn àbá yín. Iye ohun èlò ni kí ìlà kọ̀ọ̀kan fi bẹ̀rẹ̀, kí iye owó wà ní apá ọ̀tún, kí ọjọ́ tí wọ́n béèrè owó náà lọ́jà sì wà níbẹ̀. Owó sìmẹ́ǹtì tí ẹ kọ ní oṣù kẹfà lè má jẹ́ iye tó wà lọ́jà nígbà tí owó bá jáde, ṣùgbọ́n páànù mítà onígun mẹ́rin 340 á ṣì jẹ́ 340. Ẹ fi ìdá 10 nínú 100 sílẹ̀ fún ohun tí ojú ò tíì rí, ẹ fi VAT, owó orí ọjà, ìdá 7.5 nínú 100 kún un. "Iṣẹ́ oríṣiríṣi" kì í ṣe ìlà BOQ; ihò ni.

Fún fẹ́ǹsì mítà 60 tó ga ní mítà 2.1, mítà onígun mẹ́rin 126 ni. Búlọ́ọ̀kù 9-inch 10 ló ń lọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1,260, ẹ kà á sí 1,325 nítorí èyí tó máa fọ́. Tí ẹni tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù bá ń rí 50 nínú àpò sìmẹ́ǹtì kan, iyanrìn ló ń tà fún yín. Kọnkéré 1:2:4 (sìmẹ́ǹtì 1, iyanrìn 2, òkúta 4) gba àpò sìmẹ́ǹtì 6 sí 7 fún kúbíìkì mítà kan. Kí wọ́n fi omi rin ín fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, kí wọ́n má sì lo iyanrìn òkun, iyọ̀ rẹ̀ ń jẹ irin.

Irin ni wọ́n fi ń yan ìgbìmọ̀ jẹ jù. Irin oní-mìlímítà 12 tó gùn ní mítà 12 gbọ́dọ̀ wọn kílò 10.66, mẹ́wàá rẹ̀, 106.6. Irin 16 jẹ́ bíi 18.96 lẹ́yọ kan. Ẹ gbé mẹ́wàá sórí òṣùwọ̀n. Tó bá jẹ́ 85, wọ́n ti pè é ní 12 lásán ni, ó sún mọ́ 10 ju 12 lọ, kí ọkọ̀ tó gbé e wá gbé e padà.

Ní ti àkókò, ìsinmi Kérésìmesì ló dára jù fún ṣíṣí òrùlé, torí ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ìsinmi gígùn gùn jù ú lọ, ṣùgbọ́n apá kan nínú oṣù keje ṣì jẹ́ òjò, òjò kejì sì ń padà bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Àlàfo oṣù kẹjọ lẹ ní. Kí wọ́n ṣí ilé kan, kí wọ́n bò ó tán, kí wọ́n tó kàn èkejì. Agbaṣẹ́ṣe tó ṣí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ń wá ìdí láti béèrè owó kún owó.

Ẹ má san owó àkọ́kọ́ tó ju iye ohun èlò tó máa kọ́kọ́ wọ ọgbà lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí ẹ bá wọn ni kí ẹ san: ìlà pọ́línì 16 tí wọ́n ti kàn, páànù mítà onígun mẹ́rin 200 tó ti gòkè. Kí àwọn mẹ́ta fọwọ́ sí ìwé ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá ilé-ìwé, ẹnìkan láti SBMC, àti ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, tí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni agbaṣẹ́ṣe. Ẹ mú ìdá 5 nínú 100 owó iṣẹ́ dání fún oṣù 6, kí oṣù mẹ́fà náà sì kó ìgbà òjò mọ́ra. Tí wọ́n bá parí iṣẹ́ ní oṣù kìíní, ẹ kọ oṣù 9. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá kọ́kọ́ rọ̀, ẹ mú ìwé àkọ́kọ́ yẹn dání, ẹ wọ kíláàsì B2, ẹ dúró ní mítà 3 sí ògiri pátákó, mítà 1 sí fèrèsé, kí ẹ gbójú sókè.